Ọ̀rọ̀ tí Jared kọ lọ́jọ́ yẹn

Bí ẹ bá dárúkọ Kings of Leon, báńdì rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà tí ọmọ ìyá mẹ́ta àti ọmọ ẹbí wọn kan jọ dá sílẹ̀, fún ọ̀pọ̀ èèyàn, orin méjì inú àwo wọn ti 2008 ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Kò burú. Èmi ní tèmi, kì í ṣe orin ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kan tí àbíkẹ́yìn wọn kọ sórí Twitter ni.

Oṣù Keje 2011 ni, ní Dallas, nínú ooru Texas. Wọ́n ń ṣeré lọ́wọ́ nígbà tí Caleb tó ń lé orin sọ fún èrò pé òun fẹ́ lọ sẹ́yìn ìtàgé lọ bì, kí òun mu bíà kan, kí òun sì padà wá kọ orin mẹ́ta sí i. Ó lọ. Èrò dúró dè é títí, kò yọjú mọ́. Wọ́n ní ooru ni, wọ́n ní omi ló gbẹ lára rẹ̀. Jared tó ń ta jìtá béèsì, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà náà, bá kọ ọ́ síta pé òun mọ̀ pé àwọn olólùfẹ́ àwọn kì í ṣe òmùgọ̀, òun ò sì lè purọ́: ìṣòro tó wà nínú báńdì àwọn ju pé èèyàn ò mu Gatorade, ohun mímu tó ń dá omi ara padà, tó lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n fagi lé ìyókù ìrìn-àjò orin wọn ní Amẹ́ríkà.

Àbíkẹ́yìn o! Ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́! Mo ní àbúrò mẹ́ta, mo sì mọ bó ṣe máa ń dun ẹ̀gbọ́n tó bí àbúrò bá gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo bú Jared. Mo ní ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á ti tú ká kí ọdún tó parí. Wọn ò tú ká. Díẹ̀díẹ̀ ló wá ń yé mi pé ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ bú u yẹn gan-an ló fi hàn pé ilé wọn ṣì dúró.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kó ara wọn jọ ná. Oníwàásù Pẹ́ńtíkọ́sì ni bàbá wọn, Ivan Leon Followill, tó ń ti ìjọ dé ìjọ ní gúúsù Amẹ́ríkà, tòun ti ìyàwó àti ọmọkùnrin mẹ́ta. Leon náà ni bàbá bàbá wọn ń jẹ́, ibẹ̀ ni orúkọ báńdì ti wá. Inú ìjọ ni Nathan, àkọ́bí, ti ń lu ìlù. Ní 1997, bàbá fi iṣẹ́ ìwàásù sílẹ̀, òun àti ìyá wọn sì kọ ara wọn. Nígbà tí RCA, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde, fẹ́ gba Nathan àti Caleb ní Nashville, àwọn olórin àjèjì ni ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ fi kún wọn. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àbúrò àwọn ló máa ta béèsì. Jared ò sì tíì mọ béèsì ta! Wọ́n ra ọ̀kan fún un. Wọ́n tún lọ mú Matthew, ọmọ ẹbí bàbá wọn, wá láti Mississippi. Bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń sọ ọ́, wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan péré ló máa lò lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ti ara wọn mọ́ yàrá abẹ́ ilé fún nǹkan bí oṣù kan, wọ́n ń kọ́ ohun èlò.

Bí ẹ bá gbọ́ àwo àkọ́kọ́ wọn ti 2003, ẹ ó gbọ́ oṣù kan yẹn nínú rẹ̀. Béèsì ò ṣe àṣejù, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù Nathan bí ọmọ tó di ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ohùn Caleb á máa ha, á máa gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì, bí ẹni tó ti ń pariwo nínú ìsọjí láti àárọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ gbà wọ́n. Ó di ẹ̀yìn àwo 2008 kí Amẹ́ríkà tó gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Orin kan ṣoṣo nínú rẹ̀ gba Grammy mẹ́ta ní 2010. Àwọn kan ní ibẹ̀ ni wọ́n ti bà jẹ́. Mi ò dá sí ìyẹn.

(2010 yẹn kan náà ni wọ́n ṣe orin mẹ́ta péré ní St. Louis tí wọ́n fi sá kúrò lórí ìtàgé, torí pé àwọn ẹyẹlé tó wà lókè ń ṣu lé Jared. Ẹyẹlé tí a ní ó ń kó ire wọlé! Àbíkẹ́yìn náà ló tún kàn.)

Ẹ ó ní Liam Gallagher tó ń kọrin nínú Oasis, báńdì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà sọ̀rọ̀, kí ló dé tí Oasis fi tú? Òótọ́ ni, àbúrò ni Liam, ẹnu rẹ̀ ò sì sinmi rí. Ní oṣù Kẹjọ 2009, ní Paris, òun àti Noel ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lẹ́yìn ìtàgé, jìtá fọ́, Noel bá tirẹ̀ lọ. Ó di 2025 kí wọ́n tó tún jọ ṣeré. Ti Jim àti William Reid, àwọn ọmọ Scotland tó ni The Jesus and Mary Chain, tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú èrò ní Los Angeles ní 1998. Ó di 2007 kí wọ́n tó padà. Ohun tí èmi rí ni pé ẹni méjì ni wọ́n. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá wọ̀yá ìjà, tí àwọn yòókù kì í ṣe ọmọ ilé, ta ló fẹ́ là wọ́n? Àlejò á kàn wolẹ̀ ni.

Mẹ́rin ni àwọn Followill. Bí Caleb bá yọ̀ ṣubú, mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀. Ẹ sì tún ọ̀rọ̀ Jared yẹn gbọ́ dáadáa: ìṣòro “báńdì wa” ló pè é, kò pè é ní ìṣòro Caleb. Kò dárúkọ ọtí. Ohun tó ṣáà kọ̀ ni kí wọ́n máa fi ooru bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Wọ́n sinmi. Ní 2013 wọ́n gbé àwo mìíràn jáde, ti 2016 sì ni àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ní 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò ní RCA, òmíràn tún jáde, àwọn mẹ́rin kan náà ni: Nathan, Caleb, Jared, Matthew. Ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ ìyá Matthew yẹn ò tíì pé.