Ẹ má fi ooru kẹ́ igi spruce bàjẹ́

Èrò ọkàn mi rèé lórí spruce, igi Kérésìmesì inú ìkòkò tí àwọn èèyàn wa ní London, Manchester àti Chicago ń rà lọ́dọọdún, tó sì ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí ọdún tuntun tó rinlẹ̀. Kì í ṣe àìbìkítà ló ń pa á. Àkẹ́jù ni. A gbé igi tí òtútù tọ́ dàgbà wọ yàrá tó móoru, a fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, ẹ̀rọ amúlégbóná ara ògiri, a wá ń tọ́jú rẹ̀ bí òdòdó inú ilé. Spruce kì í ṣe òdòdó inú ilé rárá. Àlejò ni, ọjọ́ mẹ́wàá sì ti tó o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú tí òtútù sì ń wọlé, igi yìí á lọ sùn. Èéhù tó máa di ewé ọdún tó ń bọ̀ ti wà ní ṣónṣó ẹ̀ka, ó káwọ́ gbera, ó ń dúró kí òtútù parí iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá tó wà ní dígírì Celsius 21 máa ń tàn án jẹ. Ó lè má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí èéhù á fi wú, tí á là, tí ewé tútù minijọ á yọ. Inú onílé á máa dùn pé ọwọ́ òun tutù. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e padà síta tí ilẹ̀ dì, ewé tuntun yẹn á rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná sí. Spruce kì í sì í hù padà láti ara ẹ̀ka àtijọ́ tí ewé ti gbọn tán lára rẹ̀. Ibi tó bá pá, ó pá náà nìyẹn.

Ẹni tó ń gbé orí àjà kẹjọ tí kò ní bákónì, tí kò ní ọgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oníkòkò. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti gé, tàbí ẹ ra oníke. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní ibi tó máa gbé e sí, ẹ fojú ṣọ́ ohun tí ẹ ń rà. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n kọ "pot-grown" sí lára: inú ìkòkò ló ti dàgbà, gbòǹgbò rẹ̀ pé. Èkejì ni èyí tí wọ́n kàn kọ "potted" sí: inú oko ló wà tẹ́lẹ̀, ṣọ́bìrì ni wọ́n fi hú u, èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò rẹ̀ ti ṣẹ́kù sóko, wọ́n wá rọ ìyókù sínú ìkòkò. Ẹ di ìdí igi mú, kí ẹ rọra mì í. Bí igi bá ń yẹ̀ lọ yẹ̀ bọ̀ tí ilẹ̀ sì ń là ní ìdí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó tà á. Ẹ yí ìkòkò wo lábẹ́ pẹ̀lú, ó yẹ kí gbòǹgbò ti máa yọjú níbi ihò. Kí ó sì lè dá yín lójú pé spruce ni, ẹ já ewé kan, kí ẹ fi ìka méjì yí i. Ewé spruce ní igun mẹ́rin, á yí gbirigbiri. Ti fir, igi Kérésìmesì mìíràn tó jọ ọ́, pẹlẹbẹ ni, kò ní yí.

Nínú àwọn spruce, èyí tí mo fara mọ́ fún ìkòkò ni Dwarf Alberta, kékeré tó ṣù dáadáa bí òkòtó tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Alberta ní Kánádà ni wọ́n ti rí i ní ọdún 1904. Kì í fi ju sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 ga sí i lọ́dún. (Bí ẹ bá rí ẹ̀ka kan tó ta yọ lára rẹ̀, tó ń sáré ju ìyókù lọ, ẹ gé e láti ìdí: ó ń padà sí ìran ńlá tó ti wá.) Norway spruce, ní tirẹ̀, irú èyí tí ìlú Oslo ní Norway ń fi ránṣẹ́ sí gbàgede Trafalgar Square ní London lọ́dọọdún láti 1947 ni. Ẹ lọ wo gíga rẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín sí ìdí fèrèsé.

Àwọn Alberta kékeré tí súpámákẹ́ẹ̀tì ń tà, bébà dídán bíi fàdákà ni wọ́n máa ń wé mọ́ ìkòkò wọn. Ẹ bọ́ ọ kúrò lọ́jọ́ kìíní. Omi máa ń dá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbòǹgbò á jẹrà, ẹ ò sì ní tètè mọ̀, torí ewé spruce lè máa tutù yọ̀yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí gbòǹgbò ti kú.

Kí ó tó wọlé, ẹ gbé e sí gáréèjì tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ amúlégbóná fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, yàrá tó tutù jù nínú ilé ni tirẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé, dígírì 15 sí 18. Rédíétọ̀ tó bá wà nítòsí, ẹ pa á. Iná LED ni kí ẹ so mọ́ ọn, gílóòbù àtijọ́ máa ń gbóná jù. Ẹ má sì fín yìnyín ayédèrú sí i lára, ó ń dí ihò tí ewé fi ń mí.

Omi ló kù, ibẹ̀ sì ni wàhálà pọ̀ sí. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ lójoojúmọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Bí ibẹ̀ bá ti fẹ́ gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi á fi jáde nísàlẹ̀. Ìkòkò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 lè gba bíi lítà kan. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ da èyí tó dúró nínú àwo nù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ilẹ̀ gbẹ pátápátá, kí ó súnkì kúrò lára ìkòkò. Nígbà náà, omi tí ẹ bá dà á gba ẹ̀gbẹ́ jáde wàrà, ẹ rò pé ó ti mu, kò sì kan ẹnu gbòǹgbò. Bí ìkòkò bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bomi rin ín, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ ri ìkòkò náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi títí kò fi ní hó mọ́, kí ẹ gbé e jáde kó ro. Fífín omi sí ewé lásán, ní tèmi, kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ajílẹ̀ ńkọ́? Kí ẹ má dán an wò nígbà òtútù, ẹni tó ń sùn kì í jẹun.

Bí ewé bá ń rẹ̀ dòdò, tó ń yí sí àwọ̀ eérú, ẹ gbọn ẹ̀ka sórí bébà funfun. Ìdọ̀tí bín-ín-tín tó bá ń rìn, kòkòrò ni, irú tó ń ta okùn bíi aláǹtakùn. Yàrá gbígbóná tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ ló ń bí wọn sí i. Ẹ fi omi ṣáwà lù ú, pàápàá abẹ́ ewé, ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ọṣẹ apakòkòrò náà dára, àmọ́ kì í ṣe fún spruce aláwọ̀ búlúù: á bó ìda tó mú kó búlúù dànù.

Bó ṣe wọlé ni kó ṣe jáde: gáréèjì fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó tó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́bàá ògiri tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbá a jù. Gbòǹgbò inú ìkòkò kò rí ilẹ̀ bora, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ni òtútù ń gbà wọlé sí i. Ẹ fi àpò kòkó tàbí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹrù ẹlẹ́gẹ́ wé ìkòkò náà, kí ẹ fi bíríkì gbé ìdí rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ní Chicago, gáréèjì tí kò ní ẹ̀rọ amúlégbóná ló sàn jù títí oṣù kẹta. Tó bá di oṣù kẹta sí ìkẹrin, ẹ pààrọ̀ ìkòkò sí èyí tó fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún fẹ̀ jù ú lọ, ìgbà yẹn gan-an ni ajílẹ̀ tó kàn.

Àwọn ará Èkó tó ń béèrè bóyá àwọn náà lè ní in: rárá o, òtútù Jos pàápàá kò tó o. Norfolk Island pine ni kí ẹ wá, igi erékùṣù Pàsífíìkì tó kórìíra yìnyín bí ẹ̀yin náà ṣe kórìíra rẹ̀. Òun ṣeé sìn nínú ìkòkò yípo ọdún, ó sì jọ igi Kérésìmesì ju masquerade tree lọ.

Ẹni tí tiẹ̀ ti gbọn ewé jọ sílẹ̀ báyìí, ẹ má tíì gbé e jùnù. Ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kan díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá gbẹ tó sì dúdú, ó ti lọ. Bí ó bá tutù bí ewé tuntun, ẹ gbé e síta díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa bomi rin ín, kí ẹ sì dúró di oṣù karùn-ún.