Èébì tèmi kì í ṣe tòwúrọ̀ rárá

Ẹ kọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ yín pé òwúrọ̀ ni èébì oyún ń wá, pé bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 12, ó parí. Ta ló sọ fún yín? Tèmi, aago méje alẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀, ó sì bá mi dé ọ̀sẹ̀ 17. Òórùn ọṣẹ tí ọkọ mi fi ń wẹ̀ gan-an lọ̀tá mi. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀ báyìí, èmi ti di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú.

Ẹni tó fèsì ṣáájú mi pé aboyún tí kò bá bì, ọmọ rẹ̀ ò lágbára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù bani. Àbúrò mi ò bì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ ọ̀hún ló ń fọ́ ago kiri ilé báyìí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tó kẹ́yìn ni wọ́n ti ń ka oyún, torí náà nígbà tí nọ́ọ̀sì ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ 6, ọmọ ò tíì lò ju bí ọ̀sẹ̀ 4 lọ. Kò tó èékánná ìka mi, síbẹ̀ mo rí ọkàn rẹ̀ tó ń mì tìtì lójú ẹ̀rọ. Àsìkò yẹn náà ni ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń fìdí múlẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ní kéèyàn ti máa lo folic acid, ìyẹn fítámì kan, kí oyún tó dé. Ìyẹn lẹ ò kọ.