Àmì Pupa Wo Lára Adúmáadán?

Mo tún gbọ́ ìbéèrè yẹn lánàá, èyí tí wọ́n máa ń bi ẹni tó bá ní Lyme, àìsàn tí eégbọn máa ń fi kòkòrò rẹ̀ sí èèyàn lára. Mo sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ rí dókítà tuntun, a ò tíì jókòó dáadáa tó fi béèrè pé: "Mà, ṣé ẹ rí àmì pupa roboto lára yín nígbà yẹn?" Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Adúmáadán ni ẹ̀gbọ́n mi. Ibo ni pupa ti fẹ́ hàn lára wọn? Lára aláwọ̀ dúdú, àmì tí Lyme máa ń yọ síta lè dà bí ojú ibi tí èèyàn fi gbá nǹkan, ó sì lè má hàn rárá. Àwòrán ara òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ àwọn dókítà wọ̀nyí. Abájọ tó fi jẹ́ pé ní Amẹ́ríkà níbí, ti aláwọ̀ dúdú sábà máa ń wọ oríkèé kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ju ti aláwọ̀ funfun lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ìtàn orúnkún ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún méjì gbáko ló fi ń wú, tó ń fò, tó tún ń wú. Ẹnìkan ní làkúrègbé ni, òmíràn ní àgbà ló dé. Connecticut ni wọ́n ń gbé o! Ìpínlẹ̀ tí ìlú Lyme gan-an tí wọ́n fi sọ àìsàn náà lórúkọ wà, níbi tí ìyá ọlọ́mọ kan, Polly Murray, ti figbe ta ní 1975 pé orúnkún àwọn ọmọdé ń wú káàkiri àdúgbò, tí wọ́n sì ń sọ fún un pé làkúrègbé ọmọdé ni.

Mo bẹ dókítà ìgbà náà pé kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ó ní kò pọn dandan, pé wọn ò rí àmì, wọn ò sì rántí pé eégbọn jẹ wọ́n. Eégbọn tí kò tíì dàgbà, tí kò ju orí píìnì lọ! Ta ni í rántí ìyẹn? Á mu ẹ̀jẹ̀ yó, á já bọ́, ó parí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àìsàn tó ti pẹ́ gan-an ni àyẹ̀wò yìí mọ̀ ọ́n wá. Kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ohun tí ara pèsè láti fi bá a jà ló ń wá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara kò tíì pèsè tó, àìsàn lè wà kí àyẹ̀wò ní kò sí. Ṣùgbọ́n orúnkún tó ti ń wú láti ọdún méjì? Bó bá jẹ́ Lyme ni, agbára káká ni ẹ̀jẹ̀ kò fi ní sọ ọ́. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n fi du ẹ̀gbọ́n mi.

Dókítà obìnrin kan ló pàpà gbà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní ELISA, ní ó wà, èkejì tó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀, Western blot, tẹ̀ lé e. Nínú ìlà 10 tó ń fi IgG, ìyẹn ohun ìjà tí ara pèsè, hàn, ó kéré tán 5 ló gbọ́dọ̀ hàn kí wọ́n tó gbà pé Lyme ni. Ti ẹ̀gbọ́n mi, 9! Mo sunkún nínú mọ́tò. (Ẹ má wá bá mi sọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ìtọ̀ yẹ Lyme wò. Owó yín ni wọ́n ń wá.)

Wọ́n lo doxycycline, oògùn tó ń pa kòkòrò náà, fún ọjọ́ 28, orúnkún sì fò. Àárẹ̀ ni kò lọ. Ìdí tí a fi lọ lánàá nìyẹn, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò.

Dókítà tí mo ń bínú sí yìí ló wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé kòkòrò náà lè ti kú tán, kí ẹ̀jẹ̀ ṣì máa sọ pé ó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pé bí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò lè sọ bóyá ó ti lọ. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́rìí gbè wá lọ́jọ́sí, kò ní nǹkan kan láti sọ fún wa mọ́.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò mi, ṣé ó ṣì wà lára mi ni?"

Mi ò rí èsì fún wọn.