Ta ni yóò ka ohun tí aláìsàn kọ?

Ìròyìn kan tí mo kà yin áàpù tí àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ fi ń sọ bí ìtọ́jú ṣe ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba ẹni tí yóò kà á. Nínú ìwádìí dókítà Ethan Basch ní Memorial Sloan Kettering, ilé ìwòsàn àrùn jẹjẹrẹ ní New York, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, bí aláìsàn bá ti kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé èébì tàbí ìrora le sí i, í-meèlì á dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìdajì àwọn tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lo ju oṣù 31 lọ láyé lẹ́yìn tí wọ́n wọ ìwádìí náà, nígbà tí ti àwọn tí kò kọ ọ́, tí wọ́n gba ìtọ́jú bó ṣe máa ń rí, jẹ́ oṣù 26. Àwọn aláìsàn tiwa (ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́) a máa wí fún dókítà pé "a dúpẹ́" nígbà tí oúnjẹ kò tíì kọjá ọ̀fun wọn láti ìjẹta. Kí ilé ìwòsàn tó ra áàpù, kí ó kọ́kọ́ yan nọ́ọ̀sì tí yóò máa pè wọ́n padà.