Ẹ Jẹ Adìyẹ Tán, Ẹ Wá Ń Tijú Ẹni Tó Dín In

Kí ni mo ṣe gan-an? Ṣé mo jí adìyẹ gbé ni, àbí mo dín in tà? Torí bí àwọn ará ilé mi ṣe ń fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọlọ́pàá ló ń wá mi kiri.

Ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan lágbègbè Ring Road n'Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, mo ṣì fẹ́ gbowó oṣù yìí. HND ni mo kà, mo sìnlú tán gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀, mo kọ̀wé ìwáṣẹ́ títí ó fi sú mi, ibi tí wọ́n ti pè mí ni mo lọ. Wọ́n fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì pupa àti fìlà, wọ́n fi ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dín adìyẹ hàn mí, wọ́n kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń tẹ POS, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ìtàn mìíràn níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ìtàn.

Màmá mi sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé "kọ́ńpìnì ńlá kan" ni mo wà. Wọn ò purọ́ o, kọ́ńpìnì náà tóbi. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà sí ti ọ̀wọ́n gógó ata. Ni àwọn ìyá ìjọ méjì bá yà wọlé lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n fẹ́ ra jọ̀lọ́ọ̀fù fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n bá mi nídìí káúńtà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bu ráìsì fún wọn, mo tiẹ̀ fi dòdò díẹ̀ ṣe èènì. Kí n tó délé lálẹ́, màmá mi ti gbọ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu wọn: "Ṣé o ò lè sáré wọ kíṣìnnì ni?"

Kí n sáré wọ kíṣìnnì! Torí pé mò ń ta ráìsì! Owó ráìsì yẹn náà la fi ń ra gáàsì tí wọ́n fi ń dáná, òun náà la fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Oògùn náà kì í tijú nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lára.

Ti bàbá mi kékeré tún wá légbá kan sí i. Níbi ìpàdé ẹbí, níṣojú tọmọdé tàgbà, wọ́n ní: "Ṣé kí o lè máa bi èèyàn pé 'ṣé kí n fi kóòkì sí i?' la ṣe rán ẹ níléèwé?" Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kékeré yìí kan náà ti ń lé kọ́ńtíráàtì kiri látìgbà tí mo ti wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kọ́ńtíráàtì ọ̀hún ò sì dúró rí kí ọwọ́ wọn tó o. Tí owó ìpè bá tán lórí fóònù wọn, ta ni wọ́n máa ń fi "jọ̀wọ́ pè mí padà" ránṣẹ́ sí? Èmi oníkóòkì náà ni.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ àǹtí mi kan wà ní Peckham. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, wákàtí 20 péré ni ìjọba ibẹ̀ gbà á láyè láti fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí iléèwé bá wọlé, ibi tó sì ń fi wákàtí ọ̀hún sí ni ìdí adìyẹ. Adìyẹ náà ni o! Ó ń wọ fìlà bíi tèmi, òróró ń ta sí i lọ́wọ́ bíi tèmi, àwọn tó mutí yó ń bú u lóru ọjọ́ Friday, èyí tí tèmi ò tíì dé bẹ̀. Ó ya fọ́tò kan nínú aṣọ iṣẹ́, ó gbé e sórí wáásáàpù ẹbí. Háà! "Akin ọmọ!" "Ọmọ wa tó ń jà fitafita nílùú ọba!" "Òógùn ojú ẹ ò ní í já sásán!" Àǹtí mi fi fọ́tò náà ṣe ojú fóònù wọn. Èmi tí mò ń dín adìyẹ tèmi ní Ring Road ńkọ́? Fọ́tò tí mo yà nínú aṣọ agùnbánirọ̀ ni wọ́n ṣì ń gbé kiri fún àlejò, bí ẹni pé ọjọ́ tí mo bọ́ aṣọ yẹn ni mo kú.

Àbí adìyẹ ti Peckham máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni?

Mo mọ ohun tí ẹnì kan máa sọ. Á ní owó tiẹ̀ ju tèmi lọ. Òótọ́ ni, ta ló jiyàn? Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, pọ́n-ùn 12.21 ni òfin sọ pé ó kéré jù fún iṣẹ́ wákàtí kan fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 níbẹ̀. Níbí, 70,000 náírà ni òfin sọ lọ́dún 2024 pé ó kéré jù fún odidi oṣù, 30,000 ló sì wà tẹ́lẹ̀ látọdún 2019. Tí ẹ bá ṣẹ́ pọ́n-ùn yẹn sí náírà, iṣẹ́ ojúmọ́ kan lọ́hùn-ún ju oṣù kan gbáko lọ níbí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ owó tí wọ́n ń san fún mi ló ń tì yín lójú, ẹ là á mọ́lẹ̀ pé owó ni, kí ẹ sì lọ bá ẹni tó ń san án. Ẹ má wá máa wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ iye náà sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó dúró nídìí òróró gbígbóná kọ́ ló ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yẹ kí ojú tini sí. Ọkùnrin kan wọlé wá lálẹ́ ọjọ́ Friday kan, ó páàkì jíípù sẹ́nu ọ̀nà débi pé kèké ò rí ibi kọjá. Ó ra adìyẹ, ráìsì àti ṣàwámà fún odidi ẹbí. Ó ní tiránsífà lòun máa ṣe. Ó tẹ fóònù títí, ó wá na án sí mi níwájú imú: "Ṣé o ò rí i ni? Ó ti lọ!" Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀, kò tíì wọlé sí ọ̀dọ̀ wa. Inú bí i. "Ṣé mo jọ ẹni tó máa jí oúnjẹ ni? Ìwọ, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Èló ni wọ́n ń san fún ẹ níbí?" Gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń pòṣé, èmi ni wọ́n sì ń pòṣé sí. Mánéjà jáde, ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀gá máa lọ, ó ní kọ́sítọ́mà kì í jẹ̀bi. Ọ̀gá gbé láílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó lọ. Owó yẹn ò wọlé títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n kọ ọ́ sí mi lọ́rùn: ṣọ́tééjì. Wọ́n yọ ọ́ nínú owó mi. Mánéjà tó ní kó máa lọ ò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kí n fọwọ́ sí ìwé.

Ẹni tó fi àléètì irọ́ kó oúnjẹ lọ yẹn, ó dá mi lójú pé wọ́n á ti pè é ní "Alàgbà" níbì kan. Ọmọ tó ń fi fóònù lu èèyàn ní jìbìtì ládùúgbò wa, tó fi ra Benz, ṣé ẹ ò rí bí àwọn màmá ṣe ń dáhùn ìkíni rẹ̀? "Ọmọ dáadáa! Má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀ o!" Kò sẹ́ni tó bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Èmi nìkan ni gbogbo àdúgbò ń bi.

Ẹ̀yin náà lẹ sì sọ ilé oúnjẹ ìgbàlódé di ibi fáàrí o. Ọdún 1986 ni iléeṣẹ́ UAC dá Mr Bigg's sílẹ̀ l'Ékòó. Àwọn tó dàgbà sí ìgboro nígbà náà lè sọ fún yín: tí bàbá bá gbowó oṣù, tí wọ́n kó ọmọ lọ jẹ mítì páì, láàárọ̀ ọjọ́ Monday gbogbo kíláàsì ló máa gbọ́. Ọdún 2009 ni KFC wọ Nàìjíríà, títí di òní ẹ ṣì ń ya fọ́tò páálí rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Ibẹ̀ lẹ ti ń ṣe bọ́ọ̀sìdéè ọmọ, ibẹ̀ lẹ ti ń pàdé àfẹ́sọ́nà. Kò sí ẹni tó jẹun níbẹ̀ tó sáré wọ kíṣìnnì nígbà tó rí ẹni mímọ̀. Ta lẹ rò pé ó ń gbé páálí náà lé yín lọ́wọ́? Màlékà?

Wọ́n á ní oúnjẹ títà kọ́ ló ń ti àwọn lójú, pé ìyá alámàlà ní Bódìjà ń kọ́lé, àwọn ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń tò níwájú rẹ̀ nínú oòrùn, àmọ́ tirẹ̀ ló ń tà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin tó ń bá a fọ abọ́, tó ń bá a ro ọkà, ṣé ẹ kí wọn rí? "Ìwọ, bu gbẹ̀gìrì síbí!" Ìkíni yín nìyẹn.

Ká tún wá sọ ti àwọn aláàánú. Àwọn wọ̀nyí lè ṣekú pani. Ọmọ kíláàsì mi kan ní Poly, tó jẹ́ pé asáínmẹ́ǹtì mi ló máa ń dà kọ kí olùkọ́ tó wọlé, òun àti ọkọ rẹ̀ wọlé wá. A ṣe ojú kan ojú. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́ọ̀dù oúnjẹ tó wà lókè orí mi bí ẹni tó ń ka èsì ìdánwò. Ó ní kí n fún òun ní ṣíkìn pẹ̀lú ṣíípù, ó pè mí ní "ẹ jọ̀ọ́ mà". Èmi tí a jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà! Mo fún un, mo kí ọkọ rẹ̀, wọ́n lọ. Lálẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé sórí wáásáàpù: "Mo rí ẹ lónìí, ọkàn mi bàjẹ́. Ọlọ́run á dá sí ọ̀rọ̀ ẹ. Má bọkàn jẹ́." Ta ló bọkàn jẹ́? Mo ṣiṣẹ́ mi, mo fọwọ́, mo wọ kèké lọ sílé, mo jẹ ẹ̀bà, ara mi yá gágá títí àdúrà rẹ̀ fi dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kọ́sítọ́mà tó máa ń gba ṣéńjì tán, tí wọ́n á wá fi ojú àánú wò mí: "Olúwa á gbé ẹ kúrò níbí láìpẹ́." Àmín, mà. Tí Olúwa bá gbé gbogbo wa kúrò níbí lọ́la, ta ló máa dín adìyẹ yín? Ẹ kàn ń fi àdúrà sọ fún mi pé ibi tí mo dúró sí kò dáa fún ọmọ èèyàn, ẹ̀yin náà lẹ sì máa padà wá lọ́jọ́ Saturday.

Ẹ wá dúró níbẹ̀ fún ṣífíìtì kan ṣoṣo kí ẹ rí i. Adìyẹ tí ẹ ń jẹ lọ́sàn-án, àná ni a ti fi èròjà pa á lára. Tó bá wọ inú òróró, aago ló ń ṣọ́ ọ: tó bá yá jù, ẹ̀jẹ̀ á wà nídìí egungun, ẹ̀yin lẹ máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá pẹ́ jù, á gbẹ bí èèpo igi. Ẹ máa gbé agbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ máa gbọ̀n ọ́n, òróró á ta sí apá, ẹ ò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀. Àpá wà láti ọrùn ọwọ́ mi dé ìgúnpá, ó rí tótòòtó. Ilẹ̀ ń yọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa gbọ́ tí káúńtà ń pariwo pé ráìsì ti tán, tí ẹ̀rọ ń dún pé ṣíípù ti jinná, tí ẹnì kan ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbá gíláàsì pé òun ti ń dúró látàárọ̀, kò sì tíì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tó dé. Adìyẹ tó bá pẹ́ nínú àpótí tó ń mú un gbóná, dídànù ni, a ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ebi máa ń pa èèyàn níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí òórùn yẹn tàn yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, torí bí ẹ ò bá rẹ́rìn-ín, ẹnì kan á béèrè mánéjà.

Ẹnì kan tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi ti ní kí n máa sọ fún àwọn ará ilé òun pé "Customer Service" ni mo wà. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa fi owó ilé ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Mo ti dá a lóhùn, ìdáhùn náà ò ṣeé kọ síbí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni bàbá mi kékeré tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò ní kí n pe àwọn padà, owó ara wọn ni wọ́n fi pè. Wọ́n kí mi bí ẹni kí ìyàwó gómìnà. Ó ṣẹlẹ̀ pé wọ́n fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí, àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń lé kọ́ńtíráàtì ń bọ̀, wọ́n wá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa ń bu owó kù fún òṣìṣẹ́ tó bá ra ọjà. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ dààmú láti gbé e wá fúnra mi, kí n kàn fi rán ẹnì kan, kí n má bàa fi aṣọ iṣẹ́ bọ́ sáàárín àwọn àlejò. Mo ní rárá o, sà, wọn kì í bu owó kù.

Wọ́n ń bù ú. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń bù ú fún.