Ta ló ní ara kì í lo oúnjẹ mọ́ bí nǹkan oṣù bá dúró?

Kí obìnrin ṣáà ti sún mọ́ ẹni 50 ọdún, kí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un níkùn, kíá ni wọ́n á ti sọ fún un pé: "Nǹkan oṣù ló ń lọ yẹn, ara kì í lo oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́." Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń ta oògùn tó ń dín ikùn kù sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà gan-an, ẹ sáà mọ ìdí rẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2021, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ènìyàn tó lé ní 6,400 ni wọ́n wò ní orílẹ̀-èdè 29, láti orí ìkókó ọjọ́ 8 dé orí arúgbó ọdún 95. Omi àkànṣe kan ni wọ́n fi ń mọ iye agbára tí ara ń lò lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n ro ti bí ara kálukú ṣe tóbi tó mọ́ ọn, láti ọmọ 20 ọdún títí dé ẹni 60 ọdún, ojú kan náà ló wà. Ẹ̀yìn 60 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tọkùnrin tobìnrin.

Ẹ ó ní: ṣé ikùn tí mò ń rí yìí kì í ṣe òótọ́ ni? Òótọ́ ni o. Ní Amẹ́ríkà, láti 1996 ni ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SWAN ti ń tẹ̀ lé àwọn obìnrin kan la àkókò tí nǹkan oṣù ń dúró kọjá. Ìwọ̀n wọn ń gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, kò fò sókè nítorí nǹkan oṣù. Inú ara gan-an ni iṣẹ́ wà: láti nǹkan bí ọdún 2 ṣáájú nǹkan oṣù ìkẹyìn ni ọ̀rá ti ń yára pọ̀ sí i, tí iṣan, ìyẹn ẹran ara tí a fi ń ṣe agbára, sì ń dín kù, títí di bí ọdún 2 lẹ́yìn rẹ̀. Kílò kan ọ̀rá wọlé, kílò kan iṣan jáde, òṣùwọ̀n á ní kò sí nǹkan kan.

Ibi tí ọ̀rá ń lọ náà yí padà. Nígbà tí ẹ́sítrójìn, ìyẹn họ́mọ̀nù obìnrin, ṣì pọ̀, ìdí àti itan ló sábà máa ń lọ. Bó ṣe ń dín kù, ọ̀rá ń wọ abẹ́ ikùn, ó ń yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Èyí ló ń mú kí ínsúlínì, họ́mọ̀nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, má ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ba ọkàn jẹ́, náà sì máa ń gbéra láàárín ọdún tí nǹkan oṣù ìkẹyìn bọ́ sí.

Ohun tó bí mi nínú nínú ìgbàgbọ́ yìí ni pé ó ń sún àwọn obìnrin dé ìdí fífi ebi pa ara wọn. Iṣan tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ á tún wá yára lọ, bẹ́ẹ̀ iṣan ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà tó wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Gbígbé nǹkan tó wúwo léraléra lọ́sẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ aṣaralóore tó ń gbé iṣan ró, sàn ju ààwẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí dókítà wo ìfúnpá, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín. Nílé, ẹ fi téèpù wọn ikùn: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ewu ti ń pọ̀ sí i fún obìnrin bó bá ju 80 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó sì le gan-an bó bá ju 88 lọ. Ẹ mí jáde kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ má sì fa ikùn wọlé.