Ọ̀rẹ́ lè mú kí ọtí máa wu èèyàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ kì í sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀mùtí, pé ẹni tó bá ń mu, ọkàn rẹ̀ ni kò le. Ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń ya ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ da ọtí sí i. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró nítòsí ìsọ̀ onípáraga kan ní Sábó, n'Ìkòròdú, nírọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀. Ọmọkùnrin kan á dé, á ní omi lòun fẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé ife, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọwọ́ tirẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ife. Ọpọlọ rẹ̀ ti so ẹ̀rín wọn àti òórùn páraga pọ̀ mọ́ adùn ọtí. Bó bá ti rí wọn, ó ti ń wù ú nìyẹn.

Ní 1975, àwọn olùwádìí méjì, Caudill àti Marlatt, dán an wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ẹni tí wọ́n ti ní kó mu wáìnì púpọ̀ jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń mutí, wọ́n sì fi ẹni tí wọ́n ní kó mu díẹ̀ ti àwọn míì. Àwọn tí ẹnìkejì wọn mu púpọ̀ mu ju àwọn tí ẹnìkejì wọn mu díẹ̀ lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ tún sábà máa ń rò pé ẹgbẹ́ àwọn ń mu ju bó ṣe jẹ́ gan-an lọ, wọ́n á wá máa lé e.

Àbúrò mi ti fi ọtí sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé kó padà lọ jókòó ní ìsọ̀ yẹn láti fi hàn pé ọkàn òun le.